Ibi Tí Pańla Ti Ń Wẹ̀

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí n tó rí pańla tó wà láàyè. Èyí lè jọ àwàdà lẹ́nu ẹni tí wọ́n fi owó pańla rán lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ìlú Aba ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Yorùbá ni àwọn òbí mi, òwò ni ó gbé wọn dé ibẹ̀, màmá mi sì ní ìsọ̀ kan nínú ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Àwọn oníbàárà máa ń sọ fún mi pé ariwo tí ẹja náà ń pa nínú ìkòkò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, igi ni ó jọ lójú mi. Ayùn ni a fi ń gé e. Nínú àpò ni ó máa ń wá, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé níbo ni ẹja yìí ti ń wá, ohun tí mo máa fi dá a lóhùn ni pé, "Láti èbúté." N kò mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ oyè másítà ni ó gbé mi dé Norway. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, kí a tó bọ́ sínú òkun. Ní oṣù kẹta ọdún kejì mi níbẹ̀, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Lofoten, ọ̀wọ́ erékùṣù kan ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí àwọn òkè olókùúta ti yọ gànnàkù látinú òkun tí yìnyín sì bò wọ́n lórí. Omi ibẹ̀ tutù débi pé díẹ̀ ló kù kó dì. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ ni mo gbé wọ̀, mo sì tún wọ aṣọ òtútù méjì sábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí omi kan ètè mi, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, n kò mọ ètè náà lára mọ́.

Òkùnkùn àti àpáta lásán ni mo ń retí. Igbó ni mo bá níbẹ̀. Ewéko òkun tó ga jù mí lọ dúró lórí àpáta, ìtì rẹ̀ le bí igi, ewé rẹ̀ fẹ̀ ó sì nípọn bí awọ, gbogbo rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn bí oko àgbàdo nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Àwọn ẹranko kéékèèké dì mọ́ ìtì náà àti àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan funfun, wọ́n rí bí ìka ọwọ́. Ìka òkú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Mo rí ìràwọ̀ òkun, mo rí akàn, mo rí ìgbín òkun tí kò ní ìkarawun. Ní ẹsẹ̀ àpáta kan ni ẹja ńlá kan dúró sí, kò sì sá. Ìlà funfun kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, irùngbọ̀n kan ṣoṣo sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì dá a mọ̀. Irú orí yìí ni mo máa ń kà lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún sínú àpò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ilé ìwé dé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn omi tútù yẹn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ṣe àṣìṣe ńlá méjì nípa òkun láàárín igba ọdún tó kọjá, àṣìṣe méjèèjì sì ní orísun kan náà: òkè omi ni wọ́n ti ń wò. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò lè tán. Lójú tèmi, àṣìṣe kejì yìí ni àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹja náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ọjà Yorùbá lónìí, ẹja mìíràn ni wọ́n ń tà ní orúkọ pańla. Èyí tó le bí igi, tí a máa ń rẹ sómi mọ́jú, ni mo ń sọ. Inú Òkun Barents, lókè Norway àti Rọ́ṣíà, ni ó ti ń dàgbà. Bí ó bá ti tó ẹyin í yé, á rin ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà wá sí Lofoten láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń dúró dè é láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Orí àtẹ́ onígi ni wọ́n ń so ó kọ́ ní ìta gbangba láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Òtútù àkókò náà kì í jẹ́ kí eṣinṣin sún mọ́ ọn, kì í sì í sábà le débi tí ẹja náà yóò fi dì gbagidi. Afẹ́fẹ́ yóò fa omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀, títí kìlógírámù márùn-ún yóò fi ku nǹkan bí ẹyọ kan.

Ẹja tí kì í bàjẹ́ ni oúnjẹ ìrìn àjò, owó sì ni pẹ̀lú. Ìlú Bergen di ọlọ́rọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Jámánì dá ibùdó òwò wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1360, wọ́n sì lò ó fún nǹkan bí irínwó ọdún. Ní ọdún 1432, ọkọ̀ ojú omi Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, fọ́, omi sì gbé òun àti àwọn tó kù nínú àwọn èèyàn rẹ̀ dé erékùṣù Røst ní Lofoten. Àwọn apẹja ibẹ̀ gbà wọ́n sílé, wọ́n sì fún wọn ní ẹja yìí jẹ. Títí di òní, Itálì ni ó ń ra èyí tó dára jù. Àwa ni a ń ra ọ̀pọ̀ jùlọ orí rẹ̀. Mo rí àwọn ọmọdé Lofoten tí wọ́n ń gé ahọ́n ẹja náà tà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ahọ́n tán, wọ́n á so orí náà kọ́ sínú afẹ́fẹ́, ìsọ̀ bíi ti màmá mi ni yóò sì bá lọ. Àwọn ọmọ náà kò mọ Aba. Èmi náà kò mọ̀ wọ́n nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí wọn, bẹ́ẹ̀ orí ẹja kan náà ni gbogbo wa ń gbé.

Wọ́n ti ń ta pańla ní Nàìjíríà kí ogun abẹ́lé tó dé. Nígbà ogun náà, láti 1967 sí 1970, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kírísítẹ́nì láti òkè òkun kó o wọ Biafra gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìrànwọ́, nítorí pé kò nílò yìnyín, kì í bàjẹ́, ó sì ní èròjà tí ara àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di eegun nílò. Àwọn oníbàárà màmá mi tí wọ́n ti dàgbà kì í sọ̀rọ̀ ogun púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá kan tí ó máa ń gbé orí pańla kan sọ́wọ́, tí á máa yí i wò fún ìgbà pípẹ́ kó tó dá owó lé e. N kò mọ ohun tó ń rò. Màmá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán an lójú rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn àṣìṣe náà. Ní ọdún 1843, Edward Forbes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Ìlú Ọba, sọ pé bí ènìyàn bá ti kọjá nǹkan bí 550 mítà sísàlẹ̀, òkun kò ní nǹkan ẹlẹ́mìí nínú mọ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi àwọ̀n wọ́ ilẹ̀ òkun ẹ̀gbẹ́ Gíríìsì, ó sì rí i pé bí omi ṣe ń jìn sí i ni ohun tí òun ń fà jáde ń dín kù. Ohun tí ó rí ní apá òkun kan ṣoṣo ni ó fi ṣe òfin fún gbogbo òkun ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́.

Omi pańla ni ó já ọ̀rọ̀ náà. Ní Norway, àlùfáà kan wà tí ń jẹ́ Michael Sars, tí ìfẹ́ ẹranko òkun mú kúrò lórí àga ìwàásù títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀, Georg Ossian Sars, ni ìjọba rán lọ sí Lofoten ní ọdún 1864 láti wádìí ìdí tí ẹja fi ń pọ̀ lọ́dún kan tí ó sì ń wọ́n lọ́dún mìíràn. Ọmọ náà fa àwọ̀n rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ẹranko kan sì bá a jáde tó dà bí òdòdó lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jùlọ nínú òkúta àtijọ́. Ó wà láàyè, ní ìjìnlẹ̀ tí Forbes ní kò sí ẹ̀mí. Ẹnu ya àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ọkọ̀ Challenger gbéra ní 1872 láti lọ wádìí òkun àgbáyé. Georg Ossian tún rí nǹkan mìíràn tí àwọn apẹja kò mọ̀: ẹyin kọ́ọ̀dù kì í rì, ńṣe ni ó ń léfòó, tí ìgbì sì ń gbé e kiri. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹyin lọ́dún yìí ni yóò pinnu ẹja tí wọn yóò rí ní ọdún bí i mélòó kan sí i.

Kò tíì tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí àṣìṣe kejì fi dé. Ní ọdún 1883, níbi ìpàtẹ ẹja pípa àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Thomas Huxley, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí òkìkí wọn kàn jùlọ nígbà náà, dìde ó sì sọ pé pẹ̀lú ọ̀nà ìpẹja ìgbà náà, irú ẹja bíi kọ́ọ̀dù kò lè tán nínú òkun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣòfin lé apẹja lórí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí ìjọba àti létí oníṣòwò. Ohun tí Huxley kò rí tẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ ìpẹja tí yóò tóbi bí ilé iṣẹ́, tí ó lè pa ẹja, kó dì í, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ tọ̀sán tòru.

Àwọn ará Newfoundland ní Kánádà ni wọ́n san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí John Cabot dé agbègbè náà ní ọdún 1497, ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yúróòpù ni pé apẹ̀rẹ̀ lásán ni wọ́n lè fi bu ẹja níbẹ̀. Ní ọdún 1968 nìkan, àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó kọ́ọ̀dù tó 800,000 tọ́ọ̀nù lọ nínú omi náà. Kánádà lé àwọn àjèjì jáde ní 1977, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ náà ń ṣe bákan náà. Àwọn apẹja etíkun tí wọ́n ń lo ọkọ̀ kékeré ké gbàjarè láàárín àwọn ọdún 1980 pé ẹja ń kéré sí i, ó sì ń wọ́n sí i. Wọn kò gbọ́ tiwọn. Àwọn tó ń ṣírò gbára lé ohun tí àwọ̀n ọkọ̀ ńlá ń kó wálé, àwọ̀n náà sì ń kún. Wọn kò mọ̀ pé bí ẹja ṣe ń tán lọ ni èyí tó kù ń ṣùjọ síbì kan náà, tí ọkọ̀ ńlá sì ń lọ bá a gan-an níbi tó ṣùjọ sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1992, ìjọba ti ìpẹja náà pa. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ pé ọdún méjì ni. Ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó tún ṣí i fún òwò, díẹ̀ náà ni wọ́n sì fàyè gbà.

Ìgbà wo wá ni ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wo inú omi tútù? Ó pẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Láti àwọn ọdún 1830 ni Augustus Siebe ti ń ṣe akoto bàbà tí wọ́n ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ sí láti òkè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ẹrù inú ọkọ̀ rírì àti àwọn tó ń kọ́ èbúté ni wọ́n ń lò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, J. A. Kitching, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, gbé akoto sórí, ó sì wọ inú igbó ewéko òkun ní gúúsù England, lẹ́yìn náà ní Skọ́tlándì, ó ń ka ẹranko tó wà lórí àpáta bí ẹni tí ń ka igi nínú oko. Ní ọdún 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì, epo pẹtiróòlù wọ́n ní Faransé, àwọn ènìyàn sì ń fi gáàsì wa mọ́tò. Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń díwọ̀n gáàsì náà. Òun àti Jacques Cousteau, ọ̀gágun ojú omi, sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí ń fún amòòkùn ní afẹ́fẹ́ kìkì ìgbà tó bá mí. Irú rẹ̀ ni mo fi sẹ́nu ní Lofoten. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun tàbí òṣìṣẹ́ èbúté ti lè lọ wo ìsàlẹ̀ omi fúnra rẹ̀.

Amòòkùn kò lè ka kọ́ọ̀dù inú agbami; ó jìn jù, ó sì gbòòrò jù. Ṣùgbọ́n ó lè rí ilé tí àwọn ọmọ ẹja ń sá sí. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń mòòkùn ní àárín gbùngbùn àti àríwá Norway rí i pé igbó ewéko òkun ń pòórá. Ẹranko kékeré kan tó rí róbótó tó sì kún fún ẹ̀gún, tí mo lè pè ní òòrẹ̀ òkun, ni ó ń jẹ ewéko náà ní àjẹrun, títí tí nǹkan bí 2,000 kìlómítà níbùú lóròó fi di àpáta òfìfo. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé pípa tí ènìyàn pa àwọn ẹja tó yẹ kó jẹ òòrẹ̀ náà ló fà á. Àwọn mìíràn ní ohun mìíràn ni. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ lókè kò lè rí i. Omi náà ṣì dúdú, ó ṣì ń dán, ó ṣì lẹ́wà.

Norway pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bíi Kánádà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1989, ẹja ti dín kù débi pé wọ́n ti ìpẹja etíkun pa lójijì. Ìnira bá àwọn ará Lofoten, ọ̀pọ̀ tọ́rọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n gé iye tí wọ́n ń pa kù gidigidi kó tó pẹ́ jù, àwọn àti Rọ́ṣíà, tí wọ́n jọ ń pín ẹja náà láti àárín àwọn ọdún 1970. Ẹja náà padà wá. Ní 2013, iye tí wọ́n fàyè gbà láti pa tó mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Ó ti tún ń dín kù: 340,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n fàyè gbà ní 2025. Èyí kì í ṣe ìtàn àwọn ènìyàn tí wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kà á lọ́dọọdún ni, tí wọ́n sì ń gbà pé òǹkà náà lè dun àwọn.

Nígbà tí iye pańla ga sókè lọ́dún yẹn, màmá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n rò pé àwọn oníṣòwò ńlá ló ń kó ọjà pa mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Òkun Barents fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ẹja tiwa ńkọ́? Ta ni ń kà á?" Mo dáhùn pé ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun kan wà ní Èkó láti 1975, àti pé láti ọdún kan náà ni ọkọ̀ ìwádìí Norway kan tí wọ́n ń pè ní Dr. Fridtjof Nansen ti ń bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ka ẹja inú omi wọn. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń ta tiwọn fún wa, wọ́n tún ń bá wa ka tiwa."

Ẹ̀rín náà ni n kò lè gbàgbé. Ní Senegal, Gambia àti Mauritania, yaboy, ẹja kékeré olówó pọ́ọ́kú tí àwọn mẹ̀kúnnù fi ń jẹun, ni àwọn ilé iṣẹ́ ń lọ̀ di oúnjẹ fún ẹja tí wọ́n ń sìn ní òkè òkun. Ìwọ̀n mẹ́rin sí márùn-ún ẹja tútù ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí ìwọ̀n kan ìyẹ̀fun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ pé wọ́n ń pa á ju bó ṣe ń bí lọ. Àwọn apẹja etíkun ti sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti Newfoundland. Ní Nàìjíríà, a ti dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé òkun sílẹ̀ ní 2023, ọ̀rọ̀ owó sì ni à ń gbọ́ níbẹ̀ jùlọ. Bí a bá sọ pé ẹnì kan ń mòòkùn lọ́dọ̀ wa, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹni tí ń tún páìpù epo ṣe tàbí ẹni tí ń wá òkú.

Àwọn kan á ní omi wa kún fún ẹrẹ̀, kò sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀. Òótọ́ ni fún apá kan. Ṣùgbọ́n Sars pẹ̀lú kò fi ojú rí ìjìnlẹ̀ Lofoten. Ó wá ọ̀nà. Ojú mìíràn sì wà tí a kì í kà kún: ojú àwọn apẹja Ìlàjẹ, Ìjọ́, Fante àti Lebou, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹja kan kẹ́yìn wọ àwọ̀n wọn. Kí ìjọba kọ ohun tí wọ́n ń rí sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó sì lò ó. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga etíkun wa máa rán àwọn ọmọ wọn wọ inú omi, kì í ṣe inú ìwé nìkan. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Màmá mi ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí, wọ́n ṣì ń lọ sí ìsọ̀. Ìbéèrè wọn kò tíì ní ìdáhùn tí mo lè fi tẹ̀ wọ́n lọ́rùn.